Ìdí-Agbọ́n Kì í Ṣe Ìdí-Àgbọn

Etikan,
Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì.

Fúnmiláyọ̀ mi, ọmọ tí mo bí tó tún fojú jọ ìyá mi,

Má tíì jókòó. Ka ìpínrọ̀ yìí lórí ìdúró, lọ ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, kí o tó padà wá ka ìyókù. Abúlé tí o yọ kúrò nínú kọ̀ǹpútà yín, tí o ní wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí-Àgbọn wà létí òkun, níbi tí igi àgbọn wà. Ìdí-Agbọ́n wà nínú igbó ẹ̀gbà, igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi, lọ́hùn-ún, agbọ́n tó ń ta ènìyàn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìlú méjì ni. Èyí tí o yọ yẹn, òun ni gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀yìn-Ẹ̀gbà. Ibẹ̀ ni àǹtí rẹ, Ìyá Bọ̀sẹ̀dé àbúrò mi, ń gbé. Ibẹ̀ ni Bọ̀sẹ̀dé wà báyìí pẹ̀lú oyún tó ti pé oṣù. Dá a padà kí ilẹ̀ òní tó ṣú, nítorí ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí ẹ ń tọ́jú pamọ́, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni tuntun ń gorí ti àtijọ́, tí ti àtijọ́ á sì pòórá.

Ó yá, lọ.

Bí o bá ti padà dé, fìdí kalẹ̀ wàyí, kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Omi ti fà nínú odò kékeré tó lọ sí Ẹ̀yìn-Ẹ̀gbà, kò sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì tó lè wọ ibẹ̀ títí omi yóò fi kún. Sọ́ńdè, ọmọ tó máa ń kó èrò láti ibí lọ sí Igbókòdá lọ́dọ̀ yín, ń dúró kí ọkọ̀ rẹ̀ kún, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá. Bàbá rẹ ń da epo sínú ẹ́ńjìnì tiwa. Kí n má baà máa rìn káàkiri orí afárá pákó bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin, mo mú bírò.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọjọ́ Àìkú tí o gba ohùn rẹ sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, inú mi dùn. Mo pe bàbá rẹ níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, a jọ gbọ́ ọ. O ní, "Mọ́mì, mo ti fọ àkọsílẹ̀ wọn mọ́ tónítóní. Àwọn abúlé tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì ni mo yọ. Ọ̀gá wa ní mo mọṣẹ́ ju àwọn tí mo bá níbẹ̀ lọ." O wá ka díẹ̀ nínú wọn, o sì dárúkọ Ìdí-Àgbọn, o ní ọ̀kan pọ̀ lénìyàn, ọ̀kan kéré, o wá yọ kékeré. Bàbá rẹ ní, "Ọmọ mi ni." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ta mí létí níbẹ̀, mo kàn sọ fún ara mi pé ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ gbé agbẹ̀bí káàkiri ojú omi kò ní ṣàìbi àwọn tó ń tukọ̀ kó tó pa abúlé kan rẹ́. Kí n tó ní kí n pè ọ́, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kú. Títí di òní, kò tíì jí.

Ọjọ́rú ni ọkọ̀ agbẹ̀bí máa ń ya Ẹ̀yìn-Ẹ̀gbà. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún Bọ̀sẹ̀dé tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú, kò gbọdọ̀ bímọ sílé. Ó ní Ọjọ́rú yìí gan-an ni wọn yóò gbé e lọ sí ọsibítù kó lọ dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n di ẹrù. Wọ́n wẹ̀ fún un, ó wọ aṣọ, òun àti ìyá rẹ̀ jókòó sórí pákó létí omi láti àárọ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì náà ní ẹnu odò. Wọ́n dìde. Ohùn náà kọjá lọ.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ọmọ ojú omi ni, ojú rẹ̀ ló fi mọ gbogbo abúlé. Ẹni tí wọ́n gbà báyìí, fóònù ló ń sọ fún un ibi tí yóò yà sí. Fóònù kò dárúkọ Ìdí-Agbọ́n fún un mọ́. Èmi ò bá a wí, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Lánàá, àǹtí rẹ fi àjẹ̀ tukọ̀ wá bá mi. O mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gun orí afárá wa, ó gbá etí ìró rẹ̀ mú, ó ní, "Ọkọ̀ éè wá."

Mo ní bóyá ẹ́ńjìnì wọn ló bàjẹ́.

Ó ní, "Ọkọ̀ kọjá. A gbọ́ ọ. Aláwọ̀n kan tó pàdé wọn lójú ọ̀sà ní wọ́n sọ pé éè sí ìlú wa nínú ẹ̀rọ mọ́." Ó wá wò mí lójú, nítorí ó mọ̀ pé ọ́fíìsì ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun. "Ta ló yọ wá?"

Bàbá rẹ wúkọ́, ó bọ́ sẹ́yìn ilé. Mo gbé oúnjẹ fún àbúrò mi, kò jẹ ẹ́, ó ní orí ń fọ́ Bọ̀sẹ̀dé nílé, òun ń fẹ́ padà lọ bá a. Mo sọ fún un pé kí ọkọ Bọ̀sẹ̀dé gbé e sínú ọkọ̀ àjẹ̀ bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún láàárọ̀ yìí, kí wọ́n máa bọ̀ lẹ́nu odò, a ó pàdé wọn pẹ̀lú ẹ́ńjìnì. Títí tó fi lọ, mi ò lè sọ fún un pé ọmọ mi ni.

Má rò pé mo ń kọ̀wé láti bú ọ. Bí mo bá fẹ́ bú ọ, mi ò ní lo bébà, o mọ̀ mí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ wo iwájú. Jẹ́ kí èmi wo ẹ̀yìn fún ọ díẹ̀.

Èkínní, ọ̀rọ̀ àmì orí àti àmì abẹ́ yìí. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọge, tí mo ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn alábẹ́rẹ́ àjẹsára, taipuráítà wa kò ní àmì. Lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì lásán ló ní. Wọ́n kọ́ wa pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, ká fi bírò sàmì sí i. Èmi, mo yára, mo sì máa ń fi yíyára mi yangàn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n tẹ orúkọ ìlú tí a ó lẹ̀ mọ́ àpótí oníyìnyín kan. Mo tẹ IDI AGBON, mi ò sàmì kankan sí i, mo lọ ra bọ́ọ̀lì jẹ. Ọkọ̀ gbé àpótí náà lọ sétí òkun, lọ́dọ̀ àwọn alágbọn. Kí wọ́n tó mọ̀, kí wọ́n tó yí padà gba inú igbó ẹ̀gbà, yìnyín ti yọ́, oògùn ti bàjẹ́, àwọn ìyá ọlọ́mọ sì ti pọnmọ dúró títí ẹ̀yìn fi ro wọ́n.

Ọ̀gá mi ìgbà náà kò pariwo mọ́ mi. Ó mú mi wọ ọkọ̀, ó gbé mi dé Ìdí-Agbọ́n, ó ní kí n sọ fún wọn fúnra mi. Mo dúró lórí pákó wọn, mo sọ ọ́. Ìyá àgbà kan ló dá mi lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọma mi, àgbọn éè sí níbí. Agbọ́n ni tiwa." Ó wá fọwọ́ bo ẹnu, nítorí wọn kì í pe kòkòrò náà lórúkọ nítòsí ilé rẹ̀, kó má baà rò pé wọ́n ń ránṣẹ́ pè é. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìlú wọn ní Ẹ̀yìn-Ẹ̀gbà. Orúkọ gidi wà fún ìjọba àti fún òkú tí wọ́n bá ń sin. Ìwọ ò gbọ́ orúkọ yẹn rí lẹ́nu àǹtí rẹ, lẹ́nu mi náà o ò gbọ́ ọ rí. Bí o ṣe lo ìsinmi níbẹ̀ tó nígbà tí o wà ní kékeré, o ò mọ ohun tí ibẹ̀ ń jẹ́. Ẹ̀bi tèmi wà nínú ìyẹn, mo gbà á.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi bírò pupa sàmì sí gbogbo orúkọ. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Alámì ní ọ́fíìsì, wọ́n ní bí mo bá bímọ, màá sàmì sí i lórí. Jẹ́ kí wọ́n máa pe ìwọ náà bẹ́ẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá sì ti sọ ọ́ tán, a kì í gé e kúrú nítorí pé ọwọ́ ń kán wa.

Èkejì. Má bẹ̀rù kọ̀ǹpútà, má sì sọ ọ́ di òrìṣà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ọ́fíìsì wa, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó, a sì gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà ká tó wọlé tọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá kọ́ wa ní ká pa gbogbo àmì tì, ó ní ẹ̀rọ náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀ nínú ara mi pé irọ́ ni, pé òun ni kò fẹ́ wàhálà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wo àwọn ọmọdé tó yí mi ká, mo rò pé wọn yóò ní ìyá arúgbó yìí tún ti dé, mo bá gbẹ́nu dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gba ìwé ìfẹ̀yìntì, mo ní kí wọ́n máa bá ẹ̀rọ wọn lọ. Ní ọjọ́ tí mo wá rí ọ tí o ń sàmì sí orúkọ mi lórí fóònù rẹ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ta iyọ̀ sọ́bẹ̀, inú bí mi sí ara mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní oorun ń kùn mí. Orúkọ aláìlámì ìgbà náà ni ẹ jogún sínú ẹ̀rọ yín. Ìdákẹ́ mi ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ agbẹ̀bí gùn kọjá lẹ́nu odò ní Ọjọ́rú. Nítorí náà, bí o bá rí ohun tí kò tọ́ nínú ọ́fíìsì, sọ ọ́, kódà bí ohùn rẹ bá ń gbọ̀n.

Mi ò ní kí ẹ padà sí bébà o. Bébà tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ yẹn, àwa la jìyà rẹ̀. Omi wọ ilé fáìlì wa lọ́dún tí òjò pọ̀, káàdì àwọn ọmọ wú bí búrẹ́dì inú tíì. Èyí tí omi kò rí, eku rí i. Aboyún á wá, a ó wá káàdì rẹ̀ títí, a ó ní kó lọ sílé kó padà wá. Lónìí, nọ́ọ̀sì á fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tó ti ṣe aboyún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ á yọ síta. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ohun rere náà ló wá ń dẹ́rù bà mí láàárọ̀ yìí, jẹ́ kí n sọ ìdí fún ọ.

Nígbà tí oyún Bọ̀sẹ̀dé wà ní kékeré, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kan, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ ń há, díẹ̀ ló kù. Nọ́ọ̀sì kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà sínú ẹ̀rọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un mọ́ láéláé. Mo bi àǹtí rẹ lánàá pé kí ni orúkọ rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Bọ̀sẹ̀dé kò mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ọjọ́ náà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yín nìkan ló mọ̀ ọ́n, abẹ́ orúkọ ìlú tí o yọ yẹn ló sì wà. Ṣé o ti wá rí i? Ọsibítù tí a ń gbé e lọ, inú ẹ̀rọ yín ni wọn yóò wò. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, wọn yóò rò pé kò sí nǹkan kan.

Mo sinmi díẹ̀ lẹ́yìn tí mo kọ èyí. Mo lọ wo omi, kò tíì kún.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó dà bíi kékeré. O sọ ọ́ láàárín ẹ̀rín pé ọ̀gá yín mọ páswọ̀ọ̀dù rẹ, pé ó máa ń bá ọ parí iṣẹ́ bí o bá jáde. Pààrọ̀ rẹ̀ lónìí. Nígbà tí mo wà ní ọ́fíìsì, Bọ̀ọ̀dá kan wà tó máa ń pè mí ní ìyàwó òun, tó ń ra ẹ̀pà fún mi. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì mi nítorí ẹ̀pà. Ohun tó sọnù níbẹ̀, orúkọ mi ni wọ́n pè, kò sí ẹni tó pe orúkọ ẹ̀pà. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ pọ̀, kò sí èyí tí yóò bá ọ dúró níwájú ìgbìmọ̀.

Má sì yọ ìlú tí o kò dé rí mọ́. Abéèrè kì í ṣìnà. Kí o tó tẹ ohun tí yóò pa orúkọ rẹ́, bi àwọn awakọ̀ léèrè, bi àwọn tó ń ta edé létí omi léèrè. Bí o bá ń tijú láti béèrè, bi mí. Ohun tó jọra lójú ẹ̀rọ lè má jọra lẹ́nu onílé.

Wàyí o, èyí tó le jù. O tún sọ nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ pé ọ̀gá ló ní kí o yọ wọ́n, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo sọ fún mi, tayọ̀tayọ̀, pé gbogbo ohun tí o bá ṣe lórí ẹ̀rọ yẹn, orúkọ rẹ ló ń kọ sábẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o dá a padà jẹ́ẹ́jẹ́ kó má hàn sí ẹnikẹ́ni, nítorí wọn ò tíì fún ọ ní ìwé pé iṣẹ́ náà ti di tìrẹ. Ó fẹ́ràn rẹ ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ, mo sì ní kí o má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá dá a padà jẹ́ẹ́jẹ́, ẹlòmíràn á tún yọ ọ́ lóṣù tó ń bọ̀, nítorí àwọn méjèèjì á ṣì máa jọra. Bọ́ síwájú ọ̀gá rẹ, sọ pé àṣìṣe wà, sọ pé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́, sàmì sórí orúkọ méjèèjì lójú rẹ̀. Bó bá lé ọ, máa bọ̀ nílé. Ẹja wà láti yan, mi ò sì ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Àǹtí rẹ pẹ̀lú. Ó bi mí pé ta ló yọ wọ́n, mo dákẹ́. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Ìwọ ni wàá dúró níwájú rẹ̀ bí èmi ti dúró lórí pákó wọn nígbà náà. Àmọ́ jẹ́ ká bí ọmọ yìí ná.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà náà ló ń wo omi tí kò kún yìí. Mo gbàdúrà láàárọ̀, mi ò rí ju orúkọ Bọ̀sẹ̀dé pè, mo pè é títí, mo wá pe tìrẹ náà mọ́ ọn.

Omi ti ń gorí gbòǹgbò ẹ̀gbà báyìí. Bàbá rẹ ti ń pè mí, Sọ́ńdè náà ní òun ń lọ. Mo ń pa lẹ́tà yìí pọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni à ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Má wá pàdé wa ní èbúté. Má wá dì mọ́ mi, má wá sunkún sí mi lọ́rùn, dúró ti ẹ̀rọ yẹn. Bí a bá gbé Bọ̀sẹ̀dé dé ọsibítù, akọ̀wé ẹnu ọ̀nà yóò bi í pé, "Ìlú wo lo ti wá?" Ó ti mọ̀ pé ọ́fíìsì nibẹ̀, kò ní sọ pé Ẹ̀yìn-Ẹ̀gbà. Yóò pe orúkọ gidi, tí wọn kì í pè nílé, tòun ti àmì rẹ̀. Kí akọ̀wé náà tẹ̀ ẹ́, kí ó rí i.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Alámì.